Ẹnu Ò Ríran

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Ọlálẹ́yẹ ṣì wà láyé. Aïssatou tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́nu ọ̀nà wa náà wà láyé. Falilatou, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, àwọn ọmọ wọn sì ti tú ká, òmíràn sí Cotonou, òmíràn sí Ìbàdàn. Nínú àgbàlá wa lábẹ́ àpáta ní Ṣábẹ̀ẹ́, èmi àti Ọlálẹ́yẹ nìkan ló kù, àgbà méjì tí ìyá kan náà bí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ń pè mí ní Clémentine. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Romuald. Òun nìkan ló kù tó ń pè mí ní Àìná.

Ọlálẹ́yẹ kò ríran. Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà ní géńdé, etí odò Ọ̀pàrà ló ń dáko sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ dára, iṣu ibẹ̀ a máa tó itan ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn eṣinṣin dúdú kéékèèké kan wà létí odò náà tí wọ́n ń bu ni jẹ. Ara á kọ́kọ́ máa yún ni, awọ á le bí awọ aláǹgbá, tó bá yá ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kí ìjọba tó mú oògùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ọ̀tún rẹ̀ ti lọ. Kí tòsì tó lọ tán, ó kó kúrò létí odò, ó lọ gbin kajú sí ilẹ̀ bàbá wa ní Ofè. Ìlà ìparí, ọwọ́ ló fi wọ̀n ọ́n, ojú kò gbé e mọ́. Kò fojú rí èso kan lórí àwọn igi náà. Romuald ọmọ mi ló ń bójú tó wọn.

Ohun tó ń wá kò ju pé kó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé oko náà lọ, kó fọwọ́ kan àwọn igi rẹ̀. Ẹ ó ní kí ló ṣòro níbẹ̀. Thierry tó ń gbé ilé kejì sí wa ń fi alùpùpù gbé èrò. Ó lè gbé e dé Ofè. Láti ẹ̀bá títì, ẹnikẹ́ni lè fà á lọ́wọ́ wọ oko. Wọ́n dán an wò lẹ́yìn ikú Falilatou. Brigitte, ìyàwó Thierry, ló fà á lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Wọn kò rìn dé ìdajì ọ̀nà tí Ọlálẹ́yẹ fi ní òun fẹ́ padà sílé.

Mo bi í pé kí ló dé.

"Ẹnu ló pọ̀ jù," ó ní. "'Bàbá, òkúta rèé. Bàbá, ihò rèé. Bàbá, ewúrẹ́ ń bọ̀. Bàbá, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè, ó tó, ẹ gbé e sílẹ̀.' Ẹnu ni gbogbo wọn fi ń ríran fún mi. Mi ò gbọ́ ìró ọ̀nà mọ́. Àìná, mo ti mọ ọ̀nà oko wa kí wọ́n tó bí ìyá Brigitte."

"Ta lẹ wá fẹ́ kó mú yín lọ?"

"Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀."

Falilatou kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń mú un rìn. Tó bá dé ibi òkúta, á kàn yà, ọkọ rẹ̀ náà á yà tẹ̀ lé e. Ìyẹn ló ti mọ́ ọn lára. Láti ọjọ́ tí Brigitte ti mú un lọ, kò jáde kọjá ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Á jókòó sábẹ́ ìgbátí ilé láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀.

Priscille, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Parakou, ló mú ọ̀rọ̀ ajá wá. Ó ní ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn ajá tí kò ní olúwa jọ sí, wọ́n ń tọ́jú wọn, ẹni tó bá sì wu á lọ mú ọ̀kan.

"Ajá tí mo lè fi adìyẹ kan gbà ní Ṣábẹ̀ẹ́," mo ní, "ni mo fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ rà ní Parakou?"

"Wọn kì í tà á, Ìyá àgbà. Ẹ máa gbà á tọ́ ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ ènìyàn là ń gbà tọ́. Mo gba mẹ́rin tọ́ nígbà tí mo lágbára, ọmọ àbúrò ọkọ mi méjì àti méjì tí ìyá wọn kú. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan gba ajá tọ́. Ṣùgbọ́n ìsọmọlórúkọ kan gbé mi lọ sí Parakou lóṣù keje ọdún náà, Priscille sì ní ká kàn yà wò ó.

Obìnrin tó ni ibẹ̀ ń jẹ́ Chérifatou. Ó wé ìborùn, ó wọ bàtà rọ́bà tó gùn dé orúnkún, ajá mẹ́ta sì ń fò mọ́ ọn. Mo bi í bóyá ẹ̀sìn rẹ̀ kò kọ ajá.

"Mo ń fọ ọwọ́ mi kí n tó kírun, Ìyá," ó ní. "Ẹ máa bọ̀."

Ariwo ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Gbogbo ajá ibẹ̀ ló ń gbó, èyí ń fò, èyí ń họ irin. Ọ̀kan ló dákẹ́. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ajá pupa tínrín kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun. Ó ń wò wá.

Mo ní, "Èyí ò sọ̀rọ̀."

"Kò lókun tó máa fi gbó ni," Chérifatou ní. "Mi ò ní tàn yín, Ìyá. Ó ní kòkòrò nínú ọkàn."

Mo ní, "Ta ni kò ní?"

Mo rò pé ìwà rẹ̀ ló ń wí. Òun àti Priscille rẹ́rìn-ín títí, ó wá ṣàlàyé. Ó ní ọkàn tó ń lù kìkì láyà ni òun ń wí, ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò náà wá, kòkòrò gígùn tó tínrín bí òwú, ó máa ń ká ara rẹ̀ sínú ibẹ̀. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni ajá náà wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ bíi ti ẹni tó ti ń fa tábà fún ogójì ọdún.

"Ṣé ó ṣe é wò?"

"Ó ṣe é wò, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Oṣù mẹ́fà ló máa fi lo oògùn. Nínú oṣù mẹ́fà náà kò gbọ́dọ̀ sáré, kò gbọ́dọ̀ jà. Tó bá sáré, àwọn kòkòrò tó ti kú nínú rẹ̀ á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, á ṣubú lulẹ̀, ó parí. Ẹ ní láti so ó mọ́lẹ̀."

Priscille fa ìró mi. "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká mú òmíràn."

Mo bi Chérifatou pé oògùn wo ni. Ó dárúkọ oògùn méjì. Mi ò mọ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ìkejì. Oògùn odò ni, èyí tí wọ́n ń pín fún wa lọ́dọọdún nítorí ojú. Brigitte ló ń pín in ní àdúgbò wa. Á gbé ọ̀pá kan tí wọ́n fi àwọ̀ sàmì sí lára wá, á fi wọn gíga ènìyàn, ibi tí orí bá dé lára ọ̀pá ló fi ń mọ iye hóró tó máa fún onítọ̀hún.

"Ṣé oògùn odò yẹn náà ni?"

"Òun náà ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n ti ajá kéré gan-an sí ti ènìyàn. Ẹ má fún un ní ti ènìyàn láéláé."

Mo ní mo gbọ́. Mo ní ajá yẹn ni mo fẹ́. Priscille ṣì máa ń bi mí ìdí tí mo fi mú un títí di òní.

Ìwé kan wà láti fọwọ́ sí. Priscille kà á fún mi. A kò gbọ́dọ̀ ta ajá náà, a kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, a kò gbọ́dọ̀ fi bọ ohunkóhun, a kò gbọ́dọ̀ dá oògùn rẹ̀ dúró. Chérifatou ṣí àpótí tàdáwà kékeré kan kí n lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó pa á dé. Mo kọ Àìná. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kì í gba ajá, nítorí náà a gbé e sínú agbọ̀n adìyẹ ńlá kan, mo fi ìró bò ó, mo gbé e sáàárín ẹsẹ̀ mi. Kò gbó. Ikọ́ nìkan ló ń wú. Nígbà tí a kọjá Tchaourou, ọkùnrin tó jókòó tì mí yíjú sí mi.

"Ìyá, ikọ́ yín yìí ti wọ àyà. Ẹ lọ rí dókítà."

Mo ní, "A ti rí i. Ó ní oṣù mẹ́fà."

Ọkùnrin náà sún mọ́ fèrèsé, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mo gbé agbọ̀n náà síwájú Ọlálẹ́yẹ, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó fọwọ́ pa orí ajá náà, ó fọwọ́ pa etí rẹ̀, ó fi ọwọ́ dúró sí àyà rẹ̀ pẹ́.

"Kí ló ń ṣe é?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kòkòrò náà fún un. Mo sọ fún un pé oògùn odò tiwa náà ló máa lò.

"Kòkòrò ló gba ojú mi," ó ní, "kòkòrò tún wọ ọkàn tirẹ̀. Ẹbí ni wá. Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Bijou."

"Orúkọ wo nìyẹn?" Ó tún fọwọ́ pa ajá náà lórí. "Ẹnu-ò-ríran ni yóò máa jẹ́."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nílùú wa pé bí ènìyàn bá ń pe ajá rẹ̀, aládùúgbò ló ń bá wí. Kò pé ìṣẹ́jú mélòó kan tí Brigitte ti yọrí lókè ògiri.

"Bàbá, ta lẹ ń bá wí?"

"Ajá mi ni mò ń pè."

"Ajá yín ló ń fẹnu ríran?"

"Òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ṣe ń jẹ́ orúkọ náà."

Brigitte pòṣé, ó yọ orí rẹ̀ kúrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò kí wa. Ní ọjọ́ kẹrin ó gbé ọbẹ̀ wá, nítorí kò lè pẹ́ láìsọ̀rọ̀.

A so ajá náà mọ́ òpó ìgbátí ilé. Mò ń fún un ní oògùn bí Priscille ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, mò ń se ẹja fún un, mò ń wẹ̀ ẹ́. Ìyẹn tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ajá a máa rìn kiri ni, ó ń wá oúnjẹ ara rẹ̀. Ajá tí wọ́n bá so, tí wọ́n ń bọ́, tí wọ́n sì ń wẹ̀, gbogbo ayé mọ ibi tó ń lọ. Thierry dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó ń wo ajá náà bí ẹni ń wo iṣu lọ́jà.

"Ìyá Romuald, ọdún Ògún ti àwa tó ń gun alùpùpù ti sún mọ́lé. Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ọ̀gá wa sọ ọ́, kí ẹ má wulẹ̀ máa bọ́ ọ lásán."

"Mo ti fọwọ́ síwèé pé mi ò ní fi bọ nǹkan kan."

"Ìwé? Ta ló kọ ìwé sí Ògún?"

"Obìnrin kan ní Parakou ni," Ọlálẹ́yẹ dá a lóhùn níbi tó jókòó sí. "Tí Ògún bá ní ọ̀rọ̀ sọ, kó wọ bọ́ọ̀sì."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà. Ajá náà á dùbúlẹ̀ sẹ́sẹ̀ Ọlálẹ́yẹ, okùn á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kan kọjá, ikọ́ náà dín kù. Ọlálẹ́yẹ sọ fún mi pé òun àti ajá náà ló máa lọ sí Ofè. Thierry á gbé àwọn méjèèjì dé ẹ̀bá títì, á sì padà sílé. Láti ibẹ̀, ajá á mú òun rìn wọ oko, ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀ lé wọn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti jí ló ń bi mí léèrè.

"Ó ku mélòó?"

"Oṣù mẹ́rin ó lé. Oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀ ló máa pé."

"Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Àìná. Wọn kì í sọ oṣù mẹ́rin fún mi bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ní oṣù kẹsàn-án, Brigitte gbé ọ̀pá rẹ̀ dé. Ó gbé ìwé ńlá kan sábẹ́ apá, ó so ike omi mímu mọ́ ìdí. Ó dúró láàárín àgbàlá wa bí ọlọ́pàá.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ dúró ṣánṣán."

"Mo dúró. Ọdún tó kọjá o wọ̀n mí. Ṣé o rò pé mo ti ga sí i ni?"

"Ìjọba ló ní ká wọ̀n."

"Ajá ńkọ́? O ò ní wọn òun ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Thierry náà wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti wọn òun náà. Ó fún ọkùnrin méjèèjì ní hóró mẹ́rin mẹ́rin, ó dúró tì wọ́n kí wọ́n gbé e mì lójú rẹ̀. Wọ́n mu omi. Ọlálẹ́yẹ ya ẹnu fún un, ó wò ó, ó sàmì sí ìwé rẹ̀. Mo gbé tèmi mì, ó korò díẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Brigitte kọjá lọ sí ilé Aïssatou.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń gba ilẹ̀ lẹ́yìn ilé nígbà tí Ọlálẹ́yẹ pè mí. Ohùn rẹ̀ kò rí bó ti máa ń rí.

"Àìná, wá. Ta ló ń rìn bí èmi nínú àgbàlá yìí?"

Ajá náà ni. Okùn rẹ̀ ti tú, ó ń dá rìn, ó sì lọ kọlu odó. Ó dúró. Ó yà, ó tún lọ kọlu ògiri. Itọ́ ń ṣe wàlàwàlà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń yẹ̀ bíi ti ọ̀mùtí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, dúdú àárín rẹ̀ ti fẹ̀ kún gbogbo ojú. Mo ju ọwọ́ mi síwájú rẹ̀, kò ṣẹ́jú.

"Ajá yìí kò ríran," Ọlálẹ́yẹ ní.

"Kò ríran."

Ó na ọwọ́ síbi tí ìró ajá náà wà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo fún un ní oògùn."

"Oògùn wo?"

"Tiwa. Mo fi tèmi pa mọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí eyín ti kúrò. Thierry tu tirẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Mo fi sínú àkàrà. Mo rò pé tó bá pọ̀, á yára." Ó yíjú sí mi. "O sọ fún mi pé oògùn kan náà ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìyókù ọ̀rọ̀ Chérifatou, pé ti ajá kéré gan-an, mi ò rántí pé mo sọ ọ́ fún un. Mo ti gbìyànjú láti rántí.

Thierry gun alùpùpù lọ pe Jean-Baptiste, dókítà ẹran. Nígbà tí ó dé, ó tẹ́ ajá náà sórí ẹní, ó fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́sẹ̀, ó so àpò omi kọ́ sókè kó máa kán wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní èyí tó ti gbé mì ti wọnú ara, kò sí bí òun ṣe lè yọ ọ́ jáde, ká máa dúró títí ara rẹ̀ á fi tì í jáde fúnra rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Brigitte ló bú ènìyàn.

"Ẹ tàn mí jẹ lójú gbangba! Nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ pé Bàbá gbé e mì. Mo kọ ọ́ pé ìwọ náà gbé e mì!"

"Mo gbé e," Thierry ní. "Mi ò kàn mì ni."

"Ọdún mélòó lo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Thierry wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ lápò. Ọtí líle tí wọ́n ń pè ní ṣodabí ló ń mu, ó gbàgbọ́ pé oògùn náà kì í bá a rẹ́. Brigitte gbé ọ̀pá náà sókè, ó ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ojú bí ẹni tó máa fi nà án, ọkọ rẹ̀ sì gun alùpùpù lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ajá náà fi fọ́jú. Ní ọjọ́ kejì ó ti lè dìde, Ọlálẹ́yẹ sì mú un rìn. Ó gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, ó mú un láti ẹní lọ síbi omi, ó mú un padà. Tó bá dé ibi odó, á yà, ajá á yà tẹ̀ lé e. Kò bá a sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́nu ilé ìdáná, mò ń wò wọ́n, mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ èmi náà.

Ní ọjọ́ karùn-ún, adìyẹ kan kọjá, ojú ajá náà tẹ̀ lé e. Mo sọ fún Ọlálẹ́yẹ. Ó ní òun ti mọ̀, nítorí ìrìn rẹ̀ ti yí padà láti àárọ̀.

Jean-Baptiste gbé etí lé àyà ajá náà. Ó ní ó máa yè. Ṣùgbọ́n kò ní lo oògùn kankan títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, lẹ́yìn náà a ó tún oṣù mẹ́fà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀?" Ọlálẹ́yẹ bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó máa pé ní oṣù kẹrin."

Ọlálẹ́yẹ ní ó dára. Kò tún bi mí léèrè ní àràárọ̀ pé ó ku mélòó. Ó mọ̀ ọ́n.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ gbẹ awọ ara wa. Ní oṣù kìíní, Jean-Baptiste tún wá. Inú rẹ̀ dùn sí ohun tó gbọ́ láyà ajá náà. Ó ní ó tó àkókò kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa kú, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yára rárá, kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà.

"Ẹ má fún ọmọdé mú," ó ní. "Ọmọdé á sáré. Ìrìn ẹni tí kì í kánjú ni. Ta lẹ ní nínú ilé yìí tí kì í kánjú?"

Gbogbo wa wo Ọlálẹ́yẹ. Kò rí wa, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé a ń wo òun.

"Èmi ni wọ́n kọ fún ajá," ó ní, "bí wọ́n ṣe ń kọ oògùn."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jáde láràárọ̀. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ilé Aïssatou, wọ́n á dé ìdí máńgòrò, wọ́n á lọ títí dé ojú irin, wọ́n á padà. Bí èmi bá rìn ín, ìrẹsì ò ní tíì jinná kí n tó lọ kí n tó bọ̀. Ní ti àwọn méjèèjì, ẹ̀wà á jinná. Tí ajá bá dé ibi òkúta, á yà, òun náà á yà. Àwọn ènìyàn kò lè pa ẹnu mọ́, wọ́n á ní, "Bàbá, òkúta o!" Òun á sì pe ajá rẹ̀ ní orúkọ, sókè, kí onítọ̀hún gbọ́ dáadáa. Ó máa ń padà wá sọ ìròyìn fún mi: ẹni tó ń sun ẹran, ẹni tó tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ilé tí wọ́n ti ń jà. Ẹni tó ti jókòó sábẹ́ ìgbátí ilé fún ọdún méjì ló wá ń sọ ìlú fún mi.

Ó ní kí Jean-Baptiste jẹ́ kí àwọn lọ sí Ofè ní oṣù kejì. Jean-Baptiste kọ̀. Ó ní ọ̀nà oko gùn, ilẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, kí ó jẹ́ kí oṣù kẹrin pé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá náà wò ní Parakou. Ọlálẹ́yẹ kò jiyàn. Ó ní òun ti fi ìkánjú ṣe nǹkan kan rí.

Ní oṣù kejì náà ni kajú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Romuald mú díẹ̀ wá fún un nínú ike. Ó gbé ọ̀kan símú.

"Ìlà wo lo ti já a?"

"Ìlà tó gùn jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ilẹ̀ ti dà."

"Ìyẹn ni ìlà ìparí. Ṣé ó tọ́?"

"Kí ló tọ́, Bàbá?"

"Ìlà náà. Ṣé ó tọ́ gbọnrangandan, tàbí ó wọ́?"

Romuald wò mí. Ó ní, "Ó wọ́ díẹ̀ níparí."

Ọlálẹ́yẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń fura láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kò sẹ́ni tó sọ òtítọ́ fún òun. Ó ní tí òun bá dé ibẹ̀, òun á fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ láti igi dé igi, òun á mọ ibi tó ti wọ́.

Oṣù kìíní ni ì bá pé, ká ní a kò bẹ̀rẹ̀ padà. Ó di oṣù kẹrin. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe ìṣirò náà. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún ṣe é mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti mú. Òun àti ajá náà jáde bí ìṣe wọn, wọ́n dé ojú irin, wọ́n padà. Ó sọ fún mi pé Aïssatou ti gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò níbi tó máa ń wà, ẹsẹ̀ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án bí kì í bá ṣe ajá. Ó jókòó sáyè rẹ̀. Ó ní kí n fún òun lómi. Mo bu ú fún un, ó mu ìdajì, ó fọwọ́ wá àwo ajá, ó da ìyókù sí i.

"Ọ̀nà ti gbẹ," ó ní. "Eruku pọ̀."

Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ ṣa ẹ̀wà. Mi ò pẹ́. Nígbà tí mo padà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri bó ti máa ń ṣe, ajá náà sì ti dìde dúró, ó ń wò ó. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọwọ́ kàn án. Mo mú okùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo so ajá mọ́ òpó, nítorí àwọn ènìyàn máa pọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sáré. Lẹ́yìn náà ni mo ké.

Brigitte ló kọ́kọ́ dé, Aïssatou tẹ̀ lé e. Oòrùn kò tíì dé àárín orí. Romuald wà ní Ofè lọ́jọ́ náà, ó ń ṣa kajú. Thierry gun alùpùpù lọ pè é. Kò dúró fọ ọwọ́ kó tó bọ̀. Ọwọ́ tí oje kajú ti sọ di dúdú yẹn ló fi bá wa gbé ẹ̀gbọ́n mi wọlé.